Ọlẹ̀ ajá mi kì í kọjá sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ní láàbù, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń bá ọlẹ̀ ajá fà á, inú ilé ẹyin tí dókítà bá gé kúrò lára abo ajá ni mo ti ń kó ẹyin, màá wá fi wọ́n sínú ìnkubétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú wọn móoru, kí wọ́n gbó, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń gbó, ìyẹn tó bá sì gba àtọ̀, á pín sí méjì, á pín sí mẹ́rin, tó bá ti dé mẹ́jọ ló tán nìyẹn, kò ní mira mọ́. Mídíà ti màlúù, ìyẹn omi tí wọ́n ṣe fún títọ́ ẹyin àti ọlẹ̀ màlúù, ni mò ń lò. Ṣé òun ló ń fa gbogbo èyí?

Èsì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mídíà lè dá kún un, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹyin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ajá ò dà bí màlúù, ẹyin ajá kì í tíì gbó nígbà tó ń jáde, inú túùbù tó so ilé ẹyin mọ́ ilé ọmọ ló ti ń lo bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó ṣe tán láti gba àtọ̀, ẹ̀yin wá ń já a ní tútù látinú ilé ẹyin! Àwọn ará Kòríà tó ṣe Snuppy, ajá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ajá mìíràn ṣe ẹ̀dà rẹ̀, lọ́dún 2005, inú túùbù ni wọ́n ti fọ ẹyin tó ti gbó jáde. Àwọn ará yunifásítì Cornell náà ní Amẹ́ríkà dúró di ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí họ́móònù LH, èyí tó ń mú kí ẹyin jáde, ru sókè, wọ́n fi magnesium sínú omi tí wọ́n fi pèsè àtọ̀, ọlẹ̀ 19 ni wọ́n gbé sínú abo ajá kan, ọmọ méje ló bí lọ́dún 2015.

Èsì
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ibi sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ yẹn gan-an ni ọlẹ̀ ajá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lo jíìnì tara ẹ̀, ohun tí ìyá ẹ̀ dì fún un ti ń tán lọ, tí ẹyin ò bá gbó dáadáa, ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Ọ́síjìn inú ìnkubétọ̀ yín ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ di 5%, ẹyin ajá kún fún ọ̀rá, ó dúdú kirikiri, ọ́síjìn tó pọ̀ máa ń ba ọ̀rá yẹn jẹ́. Ẹ má sì máa ṣí ìnkubétọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹni tó béèrè
Ha, 20% ni tèmi wà látọjọ́ yìí! Ẹ ṣé gan-an ni, màá dín in kù lónìí, màá sì bá dókítà sọ ọ́ ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò láti mọ ìgbà tí LH ru sókè, kó tó gbé ọ̀bẹ.