"Aláìgbédè" kò bá àwọn ọmọ wọ̀nyí mu

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe àwọn ọmọ iléèwé tí ìjọba England ń kọ sílẹ̀ ní EAL (English as an Additional Language, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àfikún fún) ní "akẹ́kọ̀ọ́ aláìgbédè". Mo tọrọ gáfárà, n kò lè fara mọ́ ọn. Létí Yorùbá, ẹni tó gbédè ni ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Aláìgbédè sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kò dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí àkọsílẹ̀ ìjọba ń béèrè kò ju bóyá ọmọ náà ń gbọ́ èdè mìíràn nílé lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham ní London, tí ìyá rẹ̀ ń fi Yorùbá bá wí, tí òun sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, wà lábẹ́ orúkọ yìí pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Síríà dé, tí Lárúbáwá rẹ̀ já gaara ṣùgbọ́n tí kò tíì lè fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ omi. Ta ni aláìgbédè nínú àwọn méjèèjì?

Kì í ṣe àríyànjiyàn lásán nìyí fún ọ̀gá iléèwé. Ní 2016, ìjọba ní kí wọ́n fi àmì A (ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) dé E (ẹni tó já fáfá nínú rẹ̀) sọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, ṣùgbọ́n ní 2018 wọ́n dẹ́kun gbígba àkọsílẹ̀ náà. Ọ̀gá tó bá da èsì ìdánwò gbogbo wọn pọ̀ lè rí i pé ó dára, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nígbà tí àwọn tó yẹ kó wà ní A kò rí olùrànlọ́wọ́. Owó EMAG (Ethnic Minority Achievement Grant) tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí sì ti wọnú owó gbogbogbòò iléèwé láti 2011, nítorí náà ojú tí ọ̀gá bá fi wo àwọn ọmọ náà ni yóò fi náwó.

Àbá tèmi ni "akẹ́kọ̀ọ́ afigẹ̀ẹ́sì-kúnèdè". Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé èdè kan ti wà nílẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, a sì lè fi "alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀" tàbí "ajáfáfá" tẹ̀ lé e láti fi ipele hàn. Àwa tí a mọ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ láti 1970, níbi tí àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò ti rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò yẹ kí a so èdè ilé mọ́ àìpé.

Ní ti "ẹ̀yà kékeré" tí ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ "ethnic minority", "ẹ̀yà tí kò pọ̀ lórílẹ̀-èdè" ló yá mi lára, nítorí pé ní Newham ní London, àwọn gan-an ló kún kíláàsì. "Ìgbéga àṣeyọrí" tí ẹ̀gbọ́n lò fún "raising achievement" tẹ́ mi lọ́rùn.