Kí ni ká pe oko àgbàdo tí wọ́n ń wá ọ̀nà nínú rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe ilé ọba Minos inú ìtàn Gíríìkì, tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í rọ́nà jáde, ní "ilé ìṣìnà", tí wọ́n sì ní kí oko àgbàdo tí àwọn èèyàn ń sanwó wọ̀ láti wá ọ̀nà jáde, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fi ìtàn náà ṣe ọnà sí, jẹ́ "oko ìṣìnà", ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ti fi ìṣìnà ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá wo ló máa mú ọmọ rẹ̀ lọ sí oko ìṣìnà?

Ẹlòmíràn ní "poro" tó. Poro kẹ̀? Ẹni tó dúró lórí poro ń rí òpin rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí àwọn tó ń ṣe oko yìí ń sá fún gan-an nìyẹn: wọ́n á gbin àgbàdo lóòró, wọ́n á tún gbìn ín níbùú kó lè dí bí ògiri, wọ́n á wá gé ọ̀nà sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Èyí tí wọ́n ṣe ní Annville, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lọ́dún 1993 ló mú kí àṣà náà gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ohun mẹ́ta la ń dà pọ̀ mọ́ra. Àwọn ará Knossos, ìlú kan ní erékùṣù Kírétè nílẹ̀ Gíríìsì, tẹ àwòrán kan sára owó wọn láyé àtijọ́: ọ̀nà kan ṣoṣo, tó ń lọ́, tó ń yí, àmọ́ tí kò ní oríta. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e á dé àárín dandan. Ọ̀nà wọ́kọwọ̀kọ nìyẹn.

Ilé tí Daedalus, oníṣẹ́ ọnà inú ìtàn náà, kọ́ fún Minos yàtọ̀. Ẹwọ̀n ni. Ẹ̀dá olórí màlúù ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ ìlú Áténì wọlé fún kó pa jẹ. Àfi ìgbà tí Theseus, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ náà, tú òwú tí Ariadne ọmọbìnrin Minos fún un sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ló tó rí ọ̀nà jáde. A ti ń sọ̀rọ̀ àjò àrèmabọ̀ tipẹ́. Ilé àrèmabọ̀ ni màá pè é.

Oko kì í ṣe àrèmabọ̀. Ẹni tó sanwó wọlé mọ̀ pé òun máa jáde, wíwá ọ̀nà náà sì ni ìgbádùn rẹ̀. "Oko wọ́nàjáde" ni mo dá lábàá. Kí àgbẹ̀ gé orí màlúù sí àárín rẹ̀ tó bá wù ú, orúkọ ò yí padà. Àmọ́ tó bá gé àwòrán orí owó Knossos gẹ́lẹ́, kì í ṣe wọ́nàjáde mọ́, torí kò sí oríta tí èèyàn máa dúró ronú sí.

Ní ti ọ̀nà tó dópin lójijì sínú àgbàdo, a ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. "Kò já" ni gbogbo awakọ̀ ń pè é.