Òórùn jíjó tó máa ń yọ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mò ń tà. Láti Èkìtì ni mo ti ń kó o wá sí ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, àbúrò ọkọ mi tí mò ń pè ní Afínjú ló sì ń wa bọ́ọ̀sì wa. Irú bọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ àga iwájú ni. Ohun tó bá ń jó níbẹ̀, abẹ́ ìdí wa gan-an ló ti ń jó.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn yẹn, a ti kọjá Arámọkọ, a ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ẹrù kún ọkọ̀ dé òrùlé. Jíà kejì ni Afínjú fi ń rọra fà á.

"Afínjú, kí ló ń jó?"

"Ìyàwó wa, èmi náà ń gbọ́ ọ."

Ó wá ibi tó tẹ́jú, ó dúró. Ká tó sọ̀ kalẹ̀ ká tó gbé àga sókè, òórùn ti lọ. A na ọwọ́ sún mọ́ àwọn rímù bóyá bíréèkì ló ń jó, kò sí èyí tó gbóná ju ìkejì lọ. A bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò bóyá ọ̀rá ló lẹ̀ mọ́ sáìlẹ́ńsà, torí ó ti ṣe wá bẹ́ẹ̀ rí lọ́nà Ifẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò tiẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ni, pé ẹrù ti pọ̀ jù fún un. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ́gbọ́n wá, torí kílọ́ọ̀ṣì a máa jó lórí òkè lóòótọ́. Wọ́n já jíà sílẹ̀, a ra àwo tuntun àti gbogbo ohun tó bá a rìn. Owó tó jáde lápò mi tó owó ọjà ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n yọ àwo àtijọ́, mo ní kí wọ́n kó o fún mi. Ó ṣì nípọn, kò tíì jẹ tán. Inú mi bàjẹ́ gan-an níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú ọkọ̀ tán.

Lọ́sẹ̀ kejì, lórí òkè kan náà, òórùn tún dé.

Rewáyà yẹ gbogbo wáyà wò, kò rí èyí tó yọ́. Ìgbà yẹn ni mo mú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìgbà tó bá rùn àti ìgbà tí kò rùn. Bí a bá gbé ẹrù gun òkè, á rùn. Bí a bá gbé ẹrù lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láti Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, kò ní rùn. Bí a bá gun òkè lófìfo, kò ní rùn. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò ní rùn. Mo tún fi imú mi sí i. Wáyà tó ń jó a máa rùn bí ike, omi rẹdíétọ̀ tí wọ́n da oògùn sí a máa rùn bí ohun dídùn, kílọ́ọ̀ṣì sì ń rùn bí irun tí iná rà. Tiwa dà bí òróró dòdò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Èmi tí mo ti ń dín dòdò láti kékeré, n kò lè ṣi òórùn yẹn gbọ́.

Bàbá mẹkáníìkì kan n'Íléṣà ni Ọlọ́run fi bá wa pàdé. Ohun tí bàbá kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìgbà wo ló máa ń rùn?" Mo fún un ní ìwé. Ó kà á tán, kò mú sípánà kankan. Ó fọ ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó wá bu pàùdà ọmọdé sí i lára yí ká. Ó ní ká lọ gbé ẹrù wa bó ṣe máa ń rí, kí a sì mú òun dání.

Nígbà tí a dé orí òkè, tí òórùn gba iwájú ọkọ̀, a dúró. Bàbá gbé àga. Pàùdà funfun níbi gbogbo, àfi ẹ̀yìn tọ́ọ̀pù kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti rin gbingbin, tí ojú ọ̀nà dúdú kan sì ṣàn láti ibẹ̀ lọ sórí irin sáìlẹ́ńsà tó ti gbóná janjan.

Mo ní, "Gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí abẹ́ ìdérí yẹn ni, àbí?" Bàbá ní gásíkẹ́ẹ̀tì náà ṣì tuntun, kí n má tíì náwó. Ó yọ páìpù kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn kò kọjá. Ìdọ̀tí ọ́ìlì dúdú ti dí i pa. Ó ní bí ẹrù bá wúwo tí ọkọ̀ ń gun òkè, èémí tó ń sọ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì á pọ̀ sí i, bí kò bá sì ríbi gbà, á ti ọ́ìlì jáde níbi tó bá rọrùn, bí ìkòkò tí a dé pa tó ń hó. Imú ọkọ̀ sì ń wo òkè, ọ̀dọ̀ ẹ̀yìn ni ọ́ìlì ń ṣàn sí.

Páìpù tuntun àti fáàfù rẹ̀ kò tó owó ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mò ń sanwó, torí mo ń rò ó pé ọ́ìlì lórí irin gbígbóná lè gbiná, àwa méjèèjì sì ti ń jókòó lé e lórí láti oṣù mẹ́ta. A ra ohun ìpaná tuntun lọ́jọ́ náà, torí èyí tí a fi ń han àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti gbẹ.

Láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí a bá ti fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, Afínjú á yọ páìpù yẹn, á fi ẹnu fẹ́ ẹ níṣojú mi. Àwo kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ṣì wà nínú ìsọ̀ mi ní Bódìjà.