Pọ́n-ùn 47 la rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe òun la san ní Málaga

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọlidé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì ń rí àwọn tó ń béèrè iye tí wọ́n ń háyà mọ́tò ní Spéìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí owó tó yẹ ká fi jẹun létí òkun, orí káńtà ni mo kó o sí.

Ọdún 2018 ni. Èmi, Bàbá Ìbejì, àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, àti màmá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ kan la fẹ́ lò ní Costa del Sol, etí òkun Spéìn. Mo rí ayọ́kẹ́lẹ́ kan, pọ́n-ùn 47 fún ọjọ́ méje gbáko. Inú mi dùn débi pé mo pe Bàbá Ìbejì níbi iṣẹ́ kí n lè sọ fún un. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Mi ò ka gbogbo ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sísàlẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá ká tó dé káńtà wọn ní pápákọ̀ òfurufú Málaga. Taiwo ti sùn lórí àpótí, Kẹ́hìndé ń sunkún. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn ní kí Bàbá Ìbejì mú credit card wá. Debit card ló ní. Èmi ní credit card, àmọ́ orúkọ mi kọ́ ló wà nínú ìwé bí awakọ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe, orúkọ ẹni tó máa wa ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lára káàdì, torí pé àwọn máa ti yúrò 1,200 mọ́ inú rẹ̀ títí a ó fi dá ọkọ̀ padà. Bí a ò bá ní irú káàdì bẹ́ẹ̀, àfi ká ra ìnṣọ́ránsì tiwọn, yúrò 26 lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ 182. Ìjókòó ọmọdé méjì, yúrò 8 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, 112. Epo tó wà nínú táǹkì náà, ọwọ́ wọn la ti gbọ́dọ̀ rà á, yúrò 98, bí a bá sì dá ọkọ̀ padà pẹ̀lú ààbọ̀ táǹkì, a ti fi ta wọ́n lọ́rẹ nìyẹn. Ẹ bá mi ro ó pọ̀: yúrò 392 lórí mọ́tò pọ́n-ùn 47.

Màmá mi ò gbọ́ ohun tí à ń sọ, àmọ́ wọ́n rí bí ojú mi ṣe yí padà. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò ti ná an tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo rò pé mo ti ná an. Ẹrù wa tún ju ọkọ̀ lọ, torí mọ́tò inú àwòrán kọ́ ni wọ́n gbé fún wa. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun "tàbí irú rẹ̀" ni. Àpótí méjì ni búùtù gbà. Ẹ̀kẹta, orí itan Màmá ló jókòó sí títí a fi dé Fuengirola.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an nìyí. Owó mọ́tò ní Yúróòpù sábà máa ń ní ìnṣọ́ránsì ìbàjẹ́ ara ọkọ̀ nínú, CDW (collision damage waiver) ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé bó bá ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò tíì bùṣe. Iye kan wà tó jẹ́ pé ọrùn ẹni tó háyà ni yóò bọ́ sí kí ìnṣọ́ránsì tó dá sí i, òun ni excess. Bí excess bá jẹ́ yúrò 1,200, tí ìbàjẹ́ sì jẹ́ 400, gbogbo 400 ẹ̀yin lẹ ni ín. Bó bá jẹ́ 5,000, 1,200 lẹ máa san. Táyà, gíláàsì, abẹ́ ọkọ̀, orí ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ kì í sì í sábà sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ̀rù excess yìí ni wọ́n ń tà fún èèyàn ní káńtà láago mọ́kànlá òru, nígbà tí ọmọ ń ké.

Ní 2022, àwa márùn-ún kan náà tún padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo forúkọ sílẹ̀ bí awakọ̀, nítorí káàdì mi. Mo yan èyí tí a óò gbà pẹ̀lú epo kíkún, tí a óò sì dá padà pẹ̀lú epo kíkún. Mo kó ìjókòó àwọn ọmọ láti ilé, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ò gba kọ́bọ̀ lé e. Òfin Spéìn ni pé ọmọ tí kò bá tíì ga ju sẹ̀ǹtímítà 135 lọ gbọ́dọ̀ lo tirẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò sì jókòó sí, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, mo ti ra ìnṣọ́ránsì excess lọ́tọ̀ ní London, pọ́n-ùn 41 fún ọdún kan. Owó la fi ń fíná owó.

Arákùnrin tó wà ní káńtà wò ó, ó ní, "A ò gba ìyẹn níbí." Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń já èèyàn láyà, tí wọ́n á fi ra tiwọn pẹ̀lú. Òótọ́ ló sọ o, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Wọn ò ní lò ó lóòótọ́, torí àárín èmi àti ilé-iṣẹ́ tí mo ti rà á ló wà. Bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ san fún wọn, lẹ́yìn náà ni màá gba owó mi padà nílé. Mo ní, "Mo mọ̀, sà. Ẹ ti owó yín mọ́ inú káàdì mi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí bóyá ó dá mi lójú.

Nǹkan sì ṣe é. Àwọn ọmọ fẹ́ rí ìlú Ronda àti Puente Nuevo, afárá òkúta tí wọ́n kọ́ parí ní 1793. A gba ọ̀nà A-397 láti San Pedro gun òkè, gbogbo kọ́nà yẹn, kò sí nǹkan kan tó ṣe wá. Inú páàkì abẹ́ ilẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí níbẹ̀, ọ̀tún ni wá ní ìlú Ọba, mi ò sì tíì mọ ibi tí apá ọ̀tún ọkọ̀ parí sí. Mo gbọ́ ọ ṣááráá, bí ẹni ń fi ṣíbí irin họ ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti họ láti ẹ̀bá ìdìmú dé orí táyà, ọ̀dà òpó tó jẹ́ yẹ́lò sì ti dúró sára funfun mọ́tò. Mo fi ìka nù ún. Kò kúrò.

Yúrò 430 ni wọ́n yọ. Mo gba ìwé àdéhùn, ìwé tí wọ́n kọ ìbàjẹ́ sí, àti rìsíìtì. Mo fi àkọsílẹ̀ káàdì mi kún un, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí mo ti ra ìnṣọ́ránsì excess. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí owó náà fi wọlé padà pérépéré.

Ará Bódìjà, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ti Amẹ́ríkà le ju tiyín lọ níbì kan. Àbúrò mi tó wà ní Houston ló bá mi háyà mọ́tò tí mo lò ní Orlando. Níbi tí wọ́n ti béèrè orílẹ̀-èdè tí awakọ̀ ń gbé, ó yan Amẹ́ríkà, torí ó rí i pé owó wálẹ̀. Kò mọ̀ pé ìhòòhò ni mọ́tò náà ń bọ̀, láìsí ìnṣọ́ránsì. Ará ibẹ̀ ti ní ìnṣọ́ránsì mọ́tò tirẹ̀ nílé, ó sì sábà máa ń tẹ̀ lé e dénú mọ́tò àháyà, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi kó o mọ́ owó tiwọn. Èmi tí mo ti Ìbàdàn wá, kí ni mo ní? Bí mo bá gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn tàbí èèyàn, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ara mọ́tò mi nìkan, ó lè gba ilé lọ́wọ́ èèyàn. Káńtà ni mo ti wá ra ìnṣọ́ránsì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó mọ́tò fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Nàìjíríà la yàn láti ìbẹ̀rẹ̀, à bá ti rí èyí tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí n sì fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ ṣọ́ toll náà, owó ojú ọ̀nà. Ní ọ̀nà 417 àti 528 ní Orlando, kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀. Mo ti padà sí Bódìjà kí ilé-iṣẹ́ tó háyà mọ́tò fún wa tó tún wọ inú káàdì mi: owó toll, àti owó iṣẹ́ lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n ń fún àlejò ní Visitor Toll Pass lọ́fẹ̀ẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀. Ẹ máa gbé e kọ́ sára dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, owó toll nìkan lẹ máa san.

Àǹtí Manchester

Faro, Portugal. Ọkọ mi rí "gasóleo" lára ẹ̀rọ epo, ó rò pé epo bẹntiróòlù ni. Dísù ni o! "Gasolina" ni bẹntiróòlù. A ò tíì rìn jìnnà tí mọ́tò fi kú sójú títì. Fífà á àti fífọ táǹkì, yúrò 350, ìnṣọ́ránsì tí a rà ní káńtà ò sì dá sí i, wọ́n ní àṣìṣe wa ni. Ẹ wo àmì: òbìrìkìtì tó ní E5 tàbí E10 ni bẹntiróòlù, onígun mẹ́rin tó ní B7 ni dísù. Ó wà lára ìdérí táǹkì pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè kan: lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dá ọkọ̀ padà ńkọ́? Ṣé wọn ò rí nǹkan mìíràn kà sí yín lọ́rùn?

Ìyá Ìbejì, Peckham

Àǹtí mi, wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí la dá a padà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, inú àpótí la ju kọ́kọ́rọ́ sí. Àmọ́ kí n tó jù ú, mo ti ya fídíò: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gíláàsì, orí ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo ya abẹ́ bọ́ńpà, mo ya ọwọ́ tó ń fi iye epo hàn àti nọ́ńbà ibi tí a páàkì sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ímeèlì dé pé abẹ́ bọ́ńpà iwájú họ. Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn. Ìlà méjì péré ni wọ́n fi dáhùn, wọ́n sì tú owó tó kù sílẹ̀.

Ó ṣì wà lórí fóònù mi. Òkùnkùn díẹ̀ ni, àmọ́ ẹ máa rí bọ́ńpà náà kedere, ẹ sì máa gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn tí wọ́n ń ka àpótí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.