Ìkọ́kọrẹ́ tí iyọ̀ ò pọ̀ nínú rẹ̀: kí la lè fi dípò magí?

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ìlàjì ewùrà, ata rodo 2, àlùbọ́sà ńlá 1, epo pupa ṣíbí 2. Omi gbóná la fi ṣan ẹja gbígbẹ, torí iyọ̀ ara rẹ̀. Magí ò wọ̀ ọ́ rárá. Iyọ̀ oní-potassium tí àwọn kan ń lò dípò iyọ̀ lásán náà kọ́ là ń wá. Ó lè léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dá.

Ìkọ́kọrẹ́ yẹn ló wá tẹ́ lẹ́nu. Ṣé ká kọ́kọ́ fi epo dín irú àti àlùbọ́sà kí omi tó wọ̀ ọ́, àbí ká da irú sí i lẹ́yìn tí kókó ewùrà bá ti jinná? (Ẹ jọ̀ọ́, irú tí wọn ò fiyọ̀ sí.) Edé ńkọ́?