Ìkíni ọdún wo láti ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín ní girama ni ẹ kò lè gbàgbé?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, gbogbo ilé. Láti àárọ̀ Kérésìmesì yìí ni ìkíni ti ń wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ ṣe girama ní Abẹ́òkúta, tí a sì jọ jókòó ṣe ìdánwò WAEC ní 1986. Púpọ̀ nínú wọn ni kò tíì fojú kàn mí láti ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ìrírí tiyín. Kí n fi tèmi ṣíde: kí fóònù alágbèéká tó dé ní 2001, káàdì ni ọ̀rẹ́ mi kan máa ń fi ránṣẹ́ sí mi láti Jos, láti oṣù Kọkànlá ni ó sì ti máa ń fi í sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ó lè bá ọdún. Lọ́dún kan, káàdì náà dé ní oṣù Kejì. Mo gbé e lé orí tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún Àjíǹde.

Ìyá Ìbejì:
Ní ilé tiwa, okùn ni a fi ń so káàdì kọ́ ara ògiri pálọ̀.

Ọmọ Èkó:
Káàdì ní iyì, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti ronú kàn ọ́. Ní 1980 ni mo wọ girama ní Èkó, nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Jakande, a sì ju ọgọ́ta lọ nínú kíláàsì mi nìkan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń kí mi lórí WhatsApp lónìí ni mi ò dá ojú wọn mọ̀. Ohun tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ kò ju àwòrán òdòdó àti àbẹ́là lọ, èyí tí ẹlòmíràn ti fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó darí rẹ̀ sí wa. Mo ka mẹ́rìnlá láàárọ̀ yìí, kò sì sí ọ̀kan tí ó dárúkọ mi. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe ìkíni.

Ìyá Ìbejì:
Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ẹnìkan wà nínú àwọn tí a jọ jáde ní Iléṣà, àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ìka kan ṣoṣo ní ọwọ́ òsì ni ó fi ń tẹ fóònù. Àwòrán òdòdó yẹn ni ó fi ń sọ fún wa pé òun ṣì wà láàyè. Bí kò bá tíì fi í ránṣẹ́ títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, a óò ti máa pe ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ Èkó:
Mo gbọ́ yín, Ìyá Ìbejì, mo sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ ní ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá ni mo ń bá wí.

Ará Houston:
Ẹ má bínú pé mo pẹ́ dé. Wákàtí méje ni Èkó fi ṣáájú wa ní ìgbà òtútù, nítorí náà aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ó ń lù níbí nígbà tí ọdún tuntun bá wọlé ní ilé. Ní ìparí èṣí, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo ń fún ìyá àgbà kan lóúnjẹ, ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìsìn àìsùn: mo gbọ́ agogo, mo gbọ́ bángà tí àwọn ọmọdé ń yìn, lẹ́yìn náà ó pe orúkọ mi, orúkọ oríkì mi gan-an, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí láti ìgbà tí màmá mi ti kú. Ìyá àgbà náà bi mí pé kí ní ń pa mí lẹ́kún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Iléyá ni àwa fi ń rí ara wa ní tiwa. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni a sì fi ń pín regbẹ́regbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bí oníkálukú, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì ni a tún jọ ń wọ aṣọ kan náà lọ síwájú Awùjalẹ̀, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Èmi kò sí nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ wa mọ́, síbẹ̀ mo ní ìtàn láti sọ. Nígbà tí ayẹyẹ ogójì ọdún tí a jáde kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ bu owó lé olúkúlùkù. Owó náà kò tó nǹkan lójú àwọn tí ó wà nídìí epo rọ̀bì àti àwọn tí ó wà lókè òkun, ṣùgbọ́n èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, owó ìfẹ̀yìntì mi kò tíì jáde, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó mi ni mo sì ń wá kiri. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń gbé orúkọ àwọn tí ó ti san jáde, pẹ̀lú iye tí oníkálukú san. Mo máa ń wo ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan lè ti bá mi san án láìsọ fún mi. Nígbà tí àwa tí a kò tíì san ku mẹ́sàn-án, mo jáde kúrò nínú gúrúùpù náà lóru, mo sì pa fóònù.
Kò sí ẹni tí ó tún wá mi, àfi ẹnì kan. A kì í ṣe kòríkòsùn nígbà náà. Nọ́ńbà rẹ̀ ni ó kàn tẹ̀lé tèmi ní ilé gbígbé. 17 ni wọ́n fi ọ̀dà kọ sí ara korobá mi àti sí ìdí àwo oúnjẹ mi, 18 ni tirẹ̀. Mùsùlùmí ni òun, onígbàgbọ́ ni èmi. Láti bí ọdún márùn-ún, kò sí Kérésìmesì, kò sí Àjíǹde, tí kì í kí mi. Bí Iléyá bá sì dé, ó ń fi ẹran ránṣẹ́ láti Ìwó sí mi ní Òṣogbo nínú ike onídèérí kan, ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó ń wa ọkọ̀ ni ó ń gbé e wá. Kò bi mí rí nípa owó náà.

Ìyá Ìbejì:
Tíṣà, ẹ ti pa mí lẹ́kún láàárọ̀ ọdún.

Ọmọ Èkó:
Ọ̀rọ̀ gbígbé orúkọ jáde yìí ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tí ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù lọ ni ó kọ́kọ́ jáde.

Akápò:
Èmi ni akápò ẹgbẹ́ wa, ó sì yẹ kí ẹnìkan gbọ́ ẹjọ́ tiwa náà. Bí a kò bá gbé orúkọ jáde, wọn yóò ní a ti kó owó jẹ. Ní ọdún tí a kò gbé e jáde, ẹnìkan pè mí ní olè lójú gbogbo ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi owó ara mi wọ ọkọ̀ lọ sí báńkì.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ lè kọ àpapọ̀ owó sílẹ̀ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Akápò:
Ẹni tí ó san owó ńlá ń fẹ́ kí a rí orúkọ òun, ìyá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ẹlòmíràn tí ó wá yín? Ó ṣòro fún mi láti gbà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Alága pè mí lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo rí i, mi ò gbé e, ojú ni ó ń tì mí. N kò gbọ́dọ̀ purọ́ mọ́ ọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lórí ohun kan. Ọ̀kan nínú wa ti jọba ní ìlú kan. Bàbá tí ó bí i ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi tí a jọ mu gaàrí nínú ife kan, ṣé "o kú ọdún" ni kí n kọ sí i, àbí "Kábíyèsí, ẹ kú ọdún"?

Ọmọ Èkó:
Nínú ẹgbẹ́ kíláàsì, ẹgbẹ́ ni gbogbo wa. Ẹ kọ "o".

Ìyá Ìbejì:
Adé kò ní ẹlẹgbẹ́. Ẹ kọ "Kábíyèsí", ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn ọmọ yín tí ó ń wo fóònù yín lè mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Ará Houston:
Kí ni òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ó ní kí a máa pe òun bí a ṣe ń pe òun tẹ́lẹ̀, pé kò sí ibòmíràn tí òun ti ń gbọ́ orúkọ náà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu wa kò gbà á.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ tí Tíṣà sọ rán mi létí ọdún 2000, nígbà tí ọjọ́ méjì péré wà láàárín Kérésìmesì àti Ìtúnu Ààwẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi pa owó pọ̀, ìkòkò kan náà ni àwọn ìyàwó wa fi se oúnjẹ ọdún méjèèjì. Tíṣà, kí ni ọ̀rẹ́ yín kọ sí yín láàárọ̀ yìí?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Kò gùn. Ó ní: "Mẹ́tàdínlógún, o kú ọdún, o kú ìyèdún. Ṣé ara ìyàwó wa ti le? Ọmọ ń bọ̀ ní Òṣogbo lónìí, yóò yà kí yín. Méjìdínlógún."
Ẹ jẹ́ kí n dìde ná, mo ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu géètì. Ike Iléyá náà ni ìyàwó mi ń bu ìrẹsì àti adìyẹ sí lọ́wọ́, ó ní òun kò lè dá a padà ní òfìfo.