Ẹ̀yìn pupa ni, kì í ṣe abẹ́ pupa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ èdè. Àbá ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ fún àròkọ lórí eruku tó wà lọ́hùn-ún ní ẹ̀yìn Neptune, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí òòrùn jù lọ: "ìmọ́lẹ̀ abẹ́-pupa" fún ohun tí wọ́n fi ń wá eruku náà ("infrared" lédè Gẹ̀ẹ́sì), "eruku tútù" fún eruku fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè fara mọ́ ọ̀kankan.

Ilẹ̀ tútù, igi tútù, aṣọ tútù: omi ni etí wa ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ka "eruku tútù" á rò pé òjò ti pa á, bẹ́ẹ̀ eruku tó bá rin kì í sọ mọ́, ẹrẹ̀ ló ń dà. "Eruku ọyẹ́" kọ́kọ́ wù mí, torí ọyẹ́ mọ òtútù, ó sì mọ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ọyẹ́, kò sì sí afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún. Eruku òtútù tó.

Ti abẹ́-pupa ló dùn mí jù. Lọ́dún 1800, William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, fi gíláàsì pín ìtànṣán òòrùn sí àwọ̀ àwọ̀, ó gbé tẹmómítà kọjá pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, tẹmómítà sì gòkè. Ẹ̀yìn pupa ló gbé e sí, bí a ti ń sọ pé ẹ̀yìn odi. Ẹ tún wo irin alágbẹ̀dẹ. Ó pọ́n bí ẹyin iná, pupa á ṣá, irin á padà dúdú. Ẹ wá na àtẹ́lẹwọ́ sí i láìfọwọ́ kàn án. Ohun tó ń bọ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn pupa yẹn ni à ń wí. Ojú kò rí i, nítorí náà ìtànṣán ni, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀.

"Ìtànṣán ooru" ńkọ́? Eruku yìí tutù ju 200 lọ lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, síbẹ̀ ó ń tan ìtànṣán. Lọ́dún 1983, wọ́n ní láti fi hílíọ̀mù olómi mú kí sátẹ́láìtì IRAS tutù, kí ìtànṣán ara tirẹ̀ má baà bò ó lójú, kó tó rí irú eruku bẹ́ẹ̀ yíká ìràwọ̀ Vega. Eruku tiwa ní ẹ̀yìn Neptune ṣòro rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí eruku tó gbóná díẹ̀ nítòsí wa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ooru" á da gbogbo èyí rú.

Ewu kan ló kù: ẹni tó ń yára kàwé lè ka "ẹ̀yìn-pupa" sí ẹ̀yìn tó pọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àwọ̀ wà láàárín, ìtànṣán ẹ̀yìn-àwọ̀-pupa. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹnu yóò gé e fúnra rẹ̀.